Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́: Ìbẹ̀rẹ̀ Kíróṣè

Púpọ̀ nínú àwọn tí ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíróṣè ni ó ń pa á tì láìpẹ́, kì í sì í ṣe nítorí pé ọwọ́ wọn kò yá. Ohun tí ń dá wọn lágara ni pé aṣọ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ a máa dín ní ìbú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rí ṣóńṣó, wọn kò sì mọ ibi tí ojú òwú ń gbà sọnù. Nítorí náà àwa ó sọ ti ojú mẹ́rin tí iṣẹ́ náà dúró lé lórí, a ó sì fi hàn pé ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà ni ó mọ̀ ọ́n hun.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kékeré wo iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1845 àrùn kọlu ọ̀dùnkún ní ilẹ̀ Írẹ́lándì, ìyàn ńlá sì mú níbẹ̀. Ní ọdún 1847, Cassandra Hand, aya àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní ìlú Clones, mú kí a kọ́ àwọn obìnrin tálákà ní kíróṣè. Léésì tí wọ́n hun ni wọ́n ń tà láti fi bọ́ ilé wọn.

Abẹ́rẹ́ kíróṣè kò ní ihò. Orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ tí a fi ń pẹja. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú èyí tí ó nípọn tó mìlímítà 5, àti òwú wúùlù tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí ojú òwú dúdú ṣòro láti rí. Kí ó di abẹ́rẹ́ mú ní ọwọ́ ọ̀tún bí ẹni di kálámù mú, kí ó sì fi òwú kọ́ ìka òsì tí ó tẹ̀lé àtàǹpàkò, kí ó má dẹ̀, kí ó má sì le jù. Alọ́wọ́-òsì yóò pààrọ̀ ọwọ́ méjèèjì.

Èkíní ni ẹ̀wọ̀n. Ẹ ta ojóbó sí òwú, kí ẹ fi kọ́ abẹ́rẹ́. Ẹ yí òwú ká abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fà á gba inú ojóbó náà jáde: ẹ̀wọ̀n kan nìyẹn. Ẹ hun 16 bẹ́ẹ̀. A kì í ka ojóbó tí ó wà lórí abẹ́rẹ́ mọ́ ọn.

Èkejì ni ojú kúkúrú. Ẹ fo ẹ̀wọ̀n tí ó sún mọ́ abẹ́rẹ́ jù lọ, kí ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ èyí tí ó tẹ̀lé e. Ẹ fa òwú jáde, ojóbó yóò di méjì. Ẹ tún yí òwú ká, kí ẹ fà á gba inú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ dé òpin, ojú 15 ni ẹ ó kà. Ẹ hun ẹ̀wọ̀n 1, ẹ yí iṣẹ́ padà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú tí ó wà ní ẹsẹ̀ ẹ̀wọ̀n náà gan-an. A kì í ka ẹ̀wọ̀n yìí.

Ẹ̀kẹta ni ojú gíga. Ẹ yí òwú ká abẹ́rẹ́ kí ẹ tó kì í bọ iṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá fa òwú jáde, ojóbó yóò jẹ́ mẹ́ta: ẹ fa òwú gba inú méjì, kí ẹ sì tún fà á gba inú méjì tí ó kù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ojú gíga, ẹ̀wọ̀n 3 ni a ń hun, a sì ń ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú kan. Nítorí náà ojú kejì ni a ó ki abẹ́rẹ́ bọ̀. Níhìn-ín gan-an ni ojú ti ń sọnù. Bí ẹ bá padà dé òpin ìlà tí ó tẹ̀lé e, ẹ gbọ́dọ̀ hun ojú kan sí orí ẹ̀wọ̀n 3 náà. Ẹni tí ó bá gbàgbé rẹ̀ ti pàdánù ojú kan.

Ẹ̀kẹrin ni ojú ìsopọ̀. Ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ iṣẹ́, kí ẹ fa òwú gba inú iṣẹ́ àti ojóbó orí abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ni a fi ń so òpin ìlà mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú iṣẹ́ róbótó, bíi fìlà.

Ẹ kíyè sí èyí nínú ìwé àwòṣe: ojú kúkúrú tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní ẹyọ kan ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní onílọ́po méjì, ojú gíga tí Amẹ́ríkà ń pè ní onílọ́po méjì, onílọ́po mẹ́ta ni lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wádìí ibi tí ìwé ti wá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí iye ojú bá dín, ẹ má ṣe fi òmíràn bò ó mọ́lẹ̀ ní ìlà tí ó kàn. Ojóbó kan ṣoṣo ni ó ń kù lórí abẹ́rẹ́ lẹ́yìn ojú kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí ẹ bá yọ abẹ́rẹ́ tí ẹ sì fa òwú, iṣẹ́ yóò máa tú lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ibi àṣìṣe. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ láti bá a tún un ṣe. Yóò ní aṣọ tí ó gún, ṣùgbọ́n kì yóò mọ ibi tí ojú ti sọnù. Ẹ jẹ́ kí ó tú u fúnra rẹ̀. Bí a bá fi pẹ̀lẹ́ pa eèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Iṣẹ́ oṣù yìí: ìlà 10 ti ojú kúkúrú àti ìlà 10 ti ojú gíga, ojú 15 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa kà á ní òpin ìlà gbogbo. Nígbà tí etí rẹ̀ méjèèjì bá tọ́ bí rúlà, akẹ́kọ̀ọ́ lè bẹ̀rẹ̀ ìborùn.