Àròkọ Aláfiwéra: Àkùràkudà àti Ẹja Ẹlẹ́gùn-ún

Ìbéèrè: Ṣe àfiwé ẹja méjì tí a lè bá nínú odò kan náà.

Ìbéèrè yìí kò le, ṣùgbọ́n ó máa ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ. Ẹlòmíràn a kọ ojú ìwé kan nípa ẹja kìíní, a kọ òmíràn nípa èkejì, a sì lérò pé òun ti ṣe àfiwé. Kò tíì ṣe é. Mú kókó kan, kí o fi ẹja méjèèjì wéra lórí rẹ̀, kí o tó bọ́ sí òmíràn. Wo àpẹẹrẹ yìí:

Nínú odò Amasọ́nì ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ẹja méjì kan wà tí wọ́n jẹ́ ìbátan, bí ìrísí wọn kò tilẹ̀ jọra. Ọ̀kan ni àkùràkudà tí àwọn òyìnbó fi orúkọ akọ màlúù pè. Láti òkun ni ó ti ń wọ odò. Wọ́n ti mú un rí nítòsí Iquitos ní Peru, ibi tí ó jìnnà sí òkun ju 3,000 kìlómítà lọ. Èkejì ni Potamotrygon motoro, ẹja pẹlẹbẹ tí ó ní ẹ̀gún olóró ní ìrù.

Kerekere, bí irú èyí tí ó wà ní etí wa, ni àwọn méjèèjì ní dípò eegun, ọmọ ni wọ́n sì ń bí, wọn kì í yé ẹyin. Àkùràkudà lè gùn tó mítà 3, ó sì ń lé ohun tí yóò jẹ kiri. Ẹlẹ́gùn-ún rí roboto bí àtẹ, a sì máa bo ara mọ́ iyanrìn. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ yóò jẹ̀rora gidigidi. Nítorí náà ni apẹja ibẹ̀ ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ó bá wọ odò.

Ẹ̀jẹ̀ wọn ni ó yàtọ̀ jù. Àkùràkudà ní yúríà púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí omi iyọ̀ fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Bí ó bá wọ odò, yúríà náà a dínkù, ìtọ̀ rẹ̀ a sì pọ̀. Bí ó bá padà sí òkun, yúríà a tún pọ̀ sí i. Ẹlẹ́gùn-ún kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1967, Thomas Thorson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé yúríà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré jọjọ. Òkun ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n òun kò lè padà síbẹ̀ mọ́. Bí odò bá bàjẹ́, àkùràkudà lè sá lọ. Ẹlẹ́gùn-ún kò níbi tí yóò sá sí.

Àkíyèsí: Odò Ọya àti Bẹ́núé náà ní ẹlẹ́gùn-ún tiwọn, tí a fi ìlú Garoua ní Kamẹrúùnù sọ lórúkọ ní 1962. O lè fi òun kọ tìrẹ.