Ohun Tí Ń Mú Ìwé Ìròyìn Dàgbà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ní 1859 ni Àlùfáà Henry Townsend dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ìròyìn ìjọ àti ti ìlú àwọn òǹkàwé rẹ̀ ni ó ń gbé, títí ìrúkèrúdò 1867 fi fòpin sí i.

Ní Languibonou níhìn-ín, èmi nìkan ni mo ń kọ ìwé ìròyìn ara ògiri kíláàsì wa. Ẹnikẹ́ni kì í yà kà á. Ní ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi ará Tógò kọ iye tí wọ́n ń ta iṣu ní ọjà Bouaké síbẹ̀, gbogbo kíláàsì pagbo yí i ká. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ti ìlú yín wá.