Ẹ Fún Ọ̀nà Ní Ọjọ́ Tirẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ pé ẹ ti háyà RV, ọkọ̀ tó tún jẹ́ ilé, tí ẹ ó fi lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò yín ní Los Angeles, pé àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ lẹ ó gbéra ní Houston, kí ẹ lè débẹ̀ ní alẹ́ Jímọ̀. Ìrìn-àjò náà dùn mọ́ mi. Ó yẹ kí àwọn ọmọ yín rí ilẹ̀ tí wọ́n bí wọn sí. Àmọ́ ọjọ́ méjì yẹn ni mi ò fara mọ́. Ọ̀nà náà lé ní 1,500 máìlì, ilé lẹ sì fẹ́ wà, kì í ṣe Camry.

Tí ẹ bá ti jìnnà sí San Antonio lápá ìwọ̀-oòrùn, ẹ ó rí pátákó tó ní kí èèyàn máa sá 80 máìlì ní wákàtí kan. Pátákó yẹn kò bá yín wí. Ọ̀pọ̀ táyà RV ńlá ni wọn ò ṣe fún eré tó ju 75 lọ, ooru títì Texas kì í sì í bá táyà ṣeré. Kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára táyà. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ inú ló wà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà RV sábà máa ń gbó kó tó jẹ. Ó lè dúró lójú kan nínú oòrùn fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí ojú rẹ̀ ṣì nípọn dáadáa, kí ara rẹ̀ sì ti sán.

Ìjì eruku Arizona ló ń dẹ́rù bà mí jù. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, pàápàá lórí I-10 láti Tucson sí Phoenix, eruku lè dìde lórí pápá gbígbẹ, kí ọ̀nà ṣókùnkùn mọ́ yín lójú lọ́sàn-án gangan. Ohun tí àwọn aláṣẹ ọ̀nà ibẹ̀ ń kọ́ àwọn awakọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ọkàn yín máa sọ. Ẹ yà kúrò lórí títì pátápátá, ẹ dúró. Ẹ fa hándìbíréèkì, ẹ má tú bẹ́líìtì. Lẹ́yìn náà, ẹ pa gbogbo iná: tiwájú, tẹ̀yìn, àti èyí tó ń ṣẹ́jú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì pẹ̀lú, torí tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, iná pupa á tàn lẹ́yìn. Ẹni tó ń bọ̀ tí kò ríran, iná yín ló máa tẹ̀ lé. Á rò pé ojú títì lẹ ṣì wà, á sì wá kọlù yín. Ìyàwó wa, ìwọ ni kó o máa rán ọkọ rẹ létí, torí ọwọ́ awakọ̀ máa ń yá sí iná nígbà tí àyà bá já a.

Atẹ́gùn náà ńkọ́? Tí tírélà bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, sítíárìn á sọ fún yín: atẹ́gùn á kọ́kọ́ tì yín sí etí títì, á tún fà yín padà. Ẹ dín eré kù, ẹ dì í mú ṣinṣin, ẹ má wọ́ ọ jù. Bí àpẹẹrẹ, ní Wyoming, lórí I-80, atẹ́gùn a máa le débi pé wọ́n á ti ọ̀nà mọ́ àwọn ọkọ̀ gíga tí kò wúwo. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí ìkìlọ̀ nípa irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀, ẹ wá ibi sùn.

Ẹ ní Colorado lẹ ó gbà bọ̀. Ihò Eisenhower tí I-70 gbà kọjá nínú òkè wà ní ibi tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 11,000 lọ, ọ̀nà jíjìn lẹ ó sì fi sọ̀kalẹ̀ sí Denver. Ẹ ti wọ jíà kékeré kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa di ọkọ̀ mú. Bíréèkì tí ẹ bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀ á gbóná, á rùn, kò sì ní mú mọ́.

Ẹ wọn gíga ọkọ̀ náà, títí kan ẹ̀rọ amúlétutù orí rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú awakọ̀. Atọ́nà inú fóònù kò mọ̀ pé ilé lẹ ń wà, ó lè mú yín gba abẹ́ afárá tó rẹlẹ̀. Ní Durham, North Carolina, ọkọ̀ gíga forí sọ afárá rélùwéè kan títí wọ́n fi gbé e sókè ní 2019, síbẹ̀ àwọn ọkọ̀ kò yé forí sọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ kúrò nílé ní Sátidé tó ṣáájú ìgbéyàwó. Ẹ má ju 300 máìlì lọ lóòjọ́, kí ẹ sì dúró kí ilẹ̀ tó ṣú. Láràárọ̀, kí ẹ tó tan ọkọ̀, ẹ wo DriveTexas bí ẹ bá wà ní Texas. Tí ẹ bá ti dé New Mexico àti Arizona, ẹ pe 511. Ẹ kó aṣọ ẹbí yín wá fún mi lọ́la. Bàálù ni màmá yín àti èmi máa wọ̀, a ó bá yín gbé e débẹ̀.