Idà àti Ìjúbà: Àgbéyẹ̀wò Ijó Ogun àti Ijó Idà ní Ìjẹ̀ṣà àti Láwùjọ Mìíràn

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Òwe yìí fi hàn pé àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé ohun ìjà tí kò ní ìkáwọ́ lè padà dojú kọ ilé tí ó ni ín. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ijó ogun àti ijó idà láwùjọ Ìjẹ̀ṣà, ó sì fi wọ́n wé ti àwọn ẹ̀yà mìíràn. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé irú ijó bẹ́ẹ̀ ju ìran ìjà lọ. Ọ̀nà kan ni tí àwùjọ fi ń kó ohun ìjà, àti ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́, sábẹ́ àṣẹ.

Ogun ní Agbègbè Ọ̀ṣun

Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí olú ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, kò jìnnà sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Òṣogbo àti Iléṣà ni wọ́n ní ìtàn ogun. Ní Òṣogbo ni ọmọ ogun Ìbàdàn ti ṣẹ́gun ọmọ ogun Ìlọrin ní nǹkan bí ọdún 1840. Nígbà tí ó yá, àwọn Ìjẹ̀ṣà darapọ̀ mọ́ àwọn Èkìtì nínú ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ láti bá Ìbàdàn ja ogun Kírìjí. Ìró ìbọn ńlá àwọn Èkìtìparapọ̀ ni ogun náà ti gba orúkọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé, ọmọ Iléṣà, ni ọ̀gágun wọn. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, 1886, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni àwọn ibùdó ogun tó túká. Ní ọdún 1898, Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé joyè Ọbańlá. Ìbéèrè tí irú àkókò bẹ́ẹ̀ máa ń bí ni pé: kí ni ìlú yóò ṣe sí akọni tí ogun ti tán lójú rẹ̀?

Idà Láwùjọ Ìjẹ̀ṣà

Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìjẹ̀ṣà sọ pé Àjíbógun, Ọwá Obòkun, ni ó lọ bu omi òkun wá láti fi wo ojú Odùduwà, tí Odùduwà sì fún un ní idà. Nítorí náà, idà jẹ́ ohun tí a gbà lọ́wọ́ baba. Akọni kò fúnra rẹ̀ dá a ní. Ní àkókò ọdún Ògún ní Iléṣà ni Ìwúdè máa ń wáyé. Ọwá á jáde sí gbangba, àwọn olóyè àti ẹgbẹ́ ìlú á sì wá júbà fún un. Bí ọmọ akọni ti wù kí ó gbóyà tó, iwájú Ọwá ni yóò jó sí.

Ìlù pẹ̀lú ní agbára nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láwùjọ Yorùbá, ìlù àgẹ̀rẹ̀ jẹ mọ́ Ògún àti àwọn ọdẹ. Apá oníjó lè máa júwe ìjà, ṣùgbọ́n onílù ni ó ń darí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣì ìlù gbọ́ ti tẹ́ lójú agbo.

Ìfiwéra

Ní Bìní, àwọn olóyè máa ń fi eben, idà oyè, jó níwájú Ọba nígbà ọdún Igue. Wọn á yí i, wọn á jù ú sókè, wọn á hán an. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, àmì burúkú ni. Ní Òháfíà, ní Ìpínlẹ̀ Abíá, aṣíwájú oníjó ogun máa ń ru ẹrù àmì ìṣẹ́gun lé orí, idà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dọ́ imọ̀ ọ̀pẹ wà láàrin eyín rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dí. Kò lè fúnnu. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá mú orí ọ̀tá bọ̀ ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ijó náà. Ìyàtọ̀ hàn níhìn-ín: Bìní ń fi ijó gbé ọba ga, Òháfíà ń fi í gbé akin ga. Síbẹ̀, àwùjọ ni ó ń sọ ẹni tí yóò jó.

Lókè òkun, oníjó Ghillie Callum ní Sìkọ́tíláǹdì ń jó lórí idà méjì tí a fi dábùú ara wọn nílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn wọ́n. Ní Bursa, ní ilẹ̀ Tọ́kì, kò sí ìlù rárá: ìró idà lára apata ni orin. Ní Saudi Arabia, àwọn ọkùnrin á tò ní ìlà méjì pẹ̀lú idà àti ewì nínú ijó Ardah, èyí tí àjọ UNESCO fi sínú àkójọ àṣà rẹ̀ ní 2015. Níbi gbogbo, òfin kan de idà: kó má bọ́, kó má kan ẹsẹ̀, kó má kọjá ojú apata.

Àmúlò fún Olùkọ́

Nínú ọ̀pọ̀ àṣehàn ilé-ìwé, àwọn ọmọ a máa gbé àdá páálí, wọn a máa sáré kiri, wọn a máa pariwo. Ìran ìjà ni wọ́n kọ́. Wọn kò kọ́ òfin rẹ̀. Èyí léwu lásìkò tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi àdá gidi jà ní ìgboro. Ó yẹ kí olùkọ́ bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè mẹ́ta kí ìgbáradì tó bẹ̀rẹ̀:

1. Iwájú ta ni ẹ ó jó sí?
2. Ta ni yóò darí ìlù?
3. Níbo ni idà yóò wà nígbà tí ijó bá parí?

Kí ọmọ kan ṣe Ọwá, kí òmíràn ṣe onílù. Kí oníjó sì fi idà lélẹ̀ kí ó tó júbà.

Ìgúnlẹ̀

Àgbéyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé ohun tí ijó ogun Ìjẹ̀ṣà àti ti àwọn ẹ̀yà mìíràn fi jọra ni ìkáwọ́. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ ọmọ ní bí a ti ń gbé idà, láìkọ́ ọ ní bí a ti ń dá a padà sínú àkọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí.