Omi Nìkan Ni Ẹ̀rọ Ń Gbà

*“Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì OOU ni mí, Àgọ́-Ìwòyè ni mò ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹ̀rọ kan tó ń mú oúnjẹ gbẹ ránṣẹ́ sí mi, dehydrator ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní kí n yéé jẹ bisikíìtì inú ọ̀rá, kí n máa fi èso àti kóró ṣe tèmi. Mo fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti yànmọtí gbìyànjú ẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ gbẹ, inú ẹ̀ ń fà bí awọ, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ó ti bu. Ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó sì ti ń retí tiwọn. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ, mo ti sọ fún wọn pé kò sí ṣúgà nínú ẹ̀. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?”*

Ọmọ mi, ti màmá ẹ ló ń kọ mí lóminú jù, a ó dé ibẹ̀.

Ṣé o mọ róbó? Bisikíìtì oníkóró tí ẹ̀gbọ́n ẹ ń wí, àwọn ìyá wa ti ń ṣe irú rẹ̀ kí iná mànàmáná tó dé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Mo rántí ọwọ́ ìyá mi àgbà nínú abọ́ ẹ̀gúsí lílọ̀: ata gígún, àlùbọ́sà, iyọ̀ díẹ̀, wọ́n á wá máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa fún un, títí òróró yóò fi máa sun jáde láàárín ìka wọn. Òróró yẹn náà ni wọ́n á fi dín in. Tá a bá ti rí gàrí Ìjẹ̀bú àti omi tútù sí i, oúnjẹ ọ̀sán ti délẹ̀.

Kóró ló pọ̀ nínú róbó. Nínú tìẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló pọ̀. Ṣúgà inú èso a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìdí nìyẹn tí bisikíìtì tí èso bá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ fi máa ń rọ̀ padà, pàápàá lágbègbè wa yìí tí òjò kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Ife kóró mẹ́ta sí ife èso kan ni kó o máa lò.

Wá ẹ̀gúsí ife méjì àti yànmọtí ife kan. Yan wọ́n nínú ìkòkò gbígbẹ títí òórùn wọn yóò fi gba ilé, kó o tó lọ̀ wọ́n, má sì jẹ́ kó kúnná jù. Àwọn kan lókè òkun á ní kó o má yan án rárá, pé iná ń ba oore ara rẹ̀ jẹ́. Èmi ò gbà fún wọn. Ooru ẹ̀rọ yẹn kò ju kí nǹkan lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ lọ. Bí kòkòrò àrùn bíi Salmonella bá ti wà lára yànmọtí kó tó wọlé, kò tó láti pa á. Gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì tó pọ́n dáadáa mọ́ ọn, òun ni yóò lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Fi ata ilẹ̀ sí i, àti ata gígún bó o bá fẹ́ràn rẹ̀. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ ju èyí tí ìka méjì lè fà lọ: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ti àgbàlagbà lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí kékeré kan, ọbẹ̀ alẹ́ nìkan sì ti gba púpọ̀ nínú ìyẹn.

Tẹ́ ẹ sórí àtẹ ẹ̀rọ, kó fẹ́lẹ́ bíi owó kọ́bọ̀ méjì tá a gbé léra. 57°C ni kó o gbé e sí. Mo fura pé ńṣe lo sún tìẹ sókè kó lè yá. Bó bá gbóná jù, ẹ̀yìn rẹ̀ á sáré gbẹ, á sì ti omi mọ́ inú, bí ẹni ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Lẹ́yìn wákàtí kan, fi ọ̀bẹ fa ìlà sí i bó o ṣe fẹ́ kó tóbi tó. Tó bá di wákàtí márùn-ún, yí i padà. Ó lè gbà tó wákàtí 10 sí 14. Ẹ̀rọ tó ń jẹ 400 wáàtì, bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12, á jẹ yúnììtì tó sún mọ́ 5 nínú mítà, nítorí náà má torí àtẹ kan ṣoṣo tan iná sí i. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín, má dúró dè wọ́n. Gbé e sórí agbada, kó o yan án tán lórí iná kékeré.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ? Lọ bá àgbẹ̀ oníkòkó èyíkéyìí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọn kì í fi ojú lásán wo kòkó tí wọ́n sá. Wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n á fún un, wọ́n á sì tẹ́tí sí bó ṣe ń dún. Jẹ́ kí bisikíìtì rẹ tutù, kó o ṣẹ́ ẹ nítòsí etí. Bó bá ń tẹ̀ kó tó ṣẹ́, dá a padà. Bó bá gbẹ táútáú, kó o sínú ìgò onídérí, má jẹ́ kó kún dẹ́nu, kó o máa mì ín lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 7. Bí inú ìgò bá làágùn, omi ṣì kù níbẹ̀, ẹ̀rọ ló tún kàn. Èmi náà ti da odidi ìgò ọ̀pẹ̀yìnbó nù rí torí n kò ní sùúrù ọjọ́ méje yìí. Bó o bá sì ń pín in fún àwọn ará họ́sítẹ́ẹ̀lì, sọ fún wọn pé yànmọtí wà níbẹ̀. Ara àwọn kan kì í gbà á, ó sì lè mú kí ọ̀nà ọ̀fun wọn wú.

Ó wá kan màmá. Omi nìkan ni ẹ̀rọ yìí ń gbà lára èso, kì í gba ṣúgà. Mú ọ̀pẹ̀yìnbó tá a ti bó, kílò kan. Ṣúgà inú rẹ̀ tó 100 gíráàmù, bíi kóró ṣúgà onígun 25. Bó bá gbẹ tán, kílò kan yẹn kò ní tó 200 gíráàmù mọ́, àtẹ́lẹwọ́ méjì á gbé e, ṣùgbọ́n kóró ṣúgà 25 yẹn kò rìn lọ síbì kankan. Ọ̀pẹ̀yìnbó tútù tó pọ̀ tó yẹn, èèyàn á ti yó kó tó dé ìdajì. Gbígbẹ rẹ̀, èèyàn á jẹ ẹ́ tán níbi tó ti ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Lọ sọ òótọ́ fún wọn. Yọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò nínú tiwọn pátápátá, kó o ṣe é bíi róbó tí a kò dín: ẹ̀gúsí, àlùbọ́sà, ata àti omi táṣẹ́rẹ́. Ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta tó wọn lẹ́ẹ̀kan, nítorí bí ìdajì ẹ̀gúsí ló jẹ́ òróró. Bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà nílé, kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ tìtorí bisikíìtì dá oògùn dúró. Bí àyẹ̀wò bá sì ti fi hàn rí pé kíndìnrín wọn ní ìṣòro, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ onímọ̀ oúnjẹ ní ilé ìwòsàn OOUTH, Ṣàgámù. Potassium pọ̀ nínú èso gbígbẹ àti kóró, kíndìnrín tó ti rẹ̀ kì í lè gbé e.

*“Ẹ̀gúsí mi kan wà nínú àpò láti ọdún tó kọjá. Àwọ̀ rẹ̀ ti ń yí, òmíràn ti dúdú, ó sì korò díẹ̀ lẹ́nu. Owó gidi ni mo fi rà á. Bí mo bá fi ẹ̀rọ sá a dáadáa, tí mo tún yan án, ṣé kò ní ṣe wá ní nǹkan? Láti Ìjẹ̀bú-Igbó.”*

Á ṣe yín ní nǹkan, ìyá mi. Ẹ kó o dànù.

Ohun tó ń mú ẹ̀gúsí, ẹ̀pà àti àgbàdo bu lè fi májèlé kan sínú wọn tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Bí olè bá wọlé tẹ́ ẹ sì mú un, ìyẹn ò ní kí ẹrù tó ti kó jáde padà wá. Iná lè pa ohun tó ń mú kóró bu. Májèlé tó ti tú síbẹ̀ kì í bá a kú, iná ìdáná kò ràn án. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń bá jà. Bó bá ń wọ ara díẹ̀díẹ̀ fún ọdún pípẹ́, ó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ó sì le jù lára ẹni tó bá ní àrùn mẹ́dọ̀wú irú B. Bó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í fi falẹ̀: lọ́dún 2004, àgbàdo tó bu pa èèyàn 125 ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà. Ní Ìbàdàn níbí, àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn IITA ṣe Aflasafe tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko àgbàdo àti ẹ̀pà kí májèlé yìí má bàa ráyè, ṣùgbọ́n ti oko nìyẹn. Kò sí oògùn rẹ̀ nínú ìkòkò.

Ẹ má sì dà á fún adìẹ o, yóò pa àwọn náà lára. Mo mọ̀ pé owó dun èèyàn. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ ra ẹ̀gúsí tí wọn ò tíì bó, kẹ́ ẹ máa bó ìwọ̀nba tẹ́ ẹ fẹ́ lò. Ẹ tẹ́ ẹ sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ ṣa èyí tó rún, èyí tó dúdú àti èyí tó hunjọ kúrò.

*“Àwa tá a wà ní Abigi ńkọ́? Iná tiwa, Ọlọ́run ló mọ ìgbà tó ń dé. Ṣé a ò lè sá bisikíìtì oníkóró yẹn sórí òrùlé?”*

Oòrùn kọ́ ni ìṣòro yín ní Ògùn Waterside, afẹ́fẹ́ ni. Kí èso tó lè gbẹ nínú oòrùn láì bu, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kò yẹ kó kọjá ìdá 60 nínú 100. Létí ọ̀sà bíi tiyín, àfi ìgbà ọyẹ́ ni mo lè fọkàn tán. Ẹ̀yin alára kúkú mọ̀ ọ́n: bí ẹja bá pọ̀, ẹ kì í fi í síkàáwọ́ oòrùn, orí èéfín lẹ ń gbé e sí.

Nítorí náà, ẹ má sá a. Ẹ po ẹ̀gúsí yíyan tẹ́ ẹ ti lọ̀ mọ́ àgbọn rírin àti ata, ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí agbada gàrí nígbà tó bá ku ẹ̀yinná nìkan lábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa yí i títí yóò fi le. Kò ní pẹ́ nílẹ̀ bíi ti ẹ̀rọ, torí omi inú rẹ̀ kò ní tán bẹ́ẹ̀, àgbọn sì tètè ń yí padà. Ọjọ́ méjì ni kẹ́ ẹ fi jẹ ẹ́ tán. Bí ọmọdé bá wà nílé, mi ò rò pé á di ọjọ́ kejì.