Ìdáríjì àti Ìlàjà: Ta Ni Yóò San Gbèsè Náà?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ gbé yẹ̀wò yìí jẹ́ èyí tí gbogbo wa rò pé a ti mọ̀. Láti ìgbà tí a ti ń kọ́ Àdúrà Olúwa lẹ́sẹ̀ ìyá wa ni a ti ń gbọ́ pé ẹni tí ó ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run kò gbọdọ̀ fi í du ọmọnìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá dé ní tòótọ́, bí a bá jí ẹrù ẹni, bí a bá sun ilé ẹni, bí a bá pa ọmọ ẹni, nígbà náà ni a óò rí i pé ìmọ̀ wa kò tí ì jinlẹ̀. Olúkúlùkù a máa wí fún ẹni tí ó fara gbọgbẹ́ pé, “Fi jì í, Kristẹni ni ọ́.” Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó ń yíjú sí ẹnì kejì láti bi í pé, “Kí ni o ṣe? Báwo ni ìwọ yóò ṣe tún un ṣe?” Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀.

1. Ọ̀rọ̀ méjì, iṣẹ́ méjì

Ìdáríjì àti ìlàjà kì í ṣe ohun kan náà. Ẹnì kan ṣoṣo lè dárí jì. Ó lè ṣe é nínú yàrá rẹ̀, lórí eékún rẹ̀, nígbà tí ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́ ti kú, tàbí tí ó ti lọ sí ìlú òkèèrè, tàbí tí ó tilẹ̀ ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ó dárí jì ti kọ ẹ̀san sílẹ̀, ó sì ti fi ìdájọ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìlàjà kò ṣeé dá ṣe. Orúkọ rẹ̀ pàápàá fi èyí yé wa: lílà ni a ń la ìjà, a kò sì lè la ìjà láìjẹ́ pé àwọn méjì wà tí ń jà, tí ẹnì kẹta sì bọ́ sí àárín wọn. Nítorí náà ni àwọn àgbà fi ń wí pé onílàjà ní í forí gbọgbẹ́.

Bí a bá da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, àṣìṣe méjì ni yóò tẹ̀lé e. Èkíní ni pé ẹni tí a ṣẹ̀ yóò máa dúró de ẹ̀bẹ̀ tí ó lè má dé láéláé, yóò sì di ẹlẹ́wọ̀n ìbínú rẹ̀. Èkejì, tí ó wọ́pọ̀ jù ú lọ láàárín àwa onígbàgbọ́, ni pé bí ẹni tí a ṣẹ̀ bá ti wí pé òun ti fi jì, a óò ka ọ̀ràn náà sí èyí tí ó parí, ẹni tí ó jalè yóò sì máa lọ pẹ̀lú ẹrù olè lábẹ́ apá.

2. Ìlànà tí ó wà nínú Ìhìnrere Mátíù

Ẹ jẹ́ kí á ṣí orí kejìdínlógún Ìhìnrere Mátíù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ ìbéèrè Pétérù níbẹ̀, bóyá ìgbà méje ti tó láti dárí ji arákùnrin ẹni. Wọ́n sì mọ̀ pé Olúwa gbé iye náà kọjá ohun tí ènìyàn lè máa kà. Wọ́n mọ òwe ẹrú tí ọba fi gbèsè ńlá jì, tí ó sì lọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn nítorí gbèsè kékeré. Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣáájú ìbéèrè Pétérù? Ìlànà kan ni. Kí ẹni tí a ṣẹ̀ lọ bá ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́, àwọn méjèèjì nìkan, kí ó sì sọ ẹ̀bi rẹ̀ fún un. Bí kò bá gbọ́, kí ó mú ẹnì kan tàbí méjì lọ́wọ́. Bí kò bá gbọ́ síbẹ̀, kí ó mú ọ̀ràn náà wá síwájú ìjọ.

Ẹ kíyè sí ohun mẹ́ta. Lọ́nà kìn-ín-ní, a kò ní kí ẹni tí a ṣẹ̀ pa ẹnu mọ́. Sísọ òtítọ́ ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Lọ́nà kejì, ìkọ̀kọ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé jíjèrè arákùnrin ẹni ni a ń wá, kì í ṣe dídójú tì í. Lọ́nà kẹta, bí apá àwọn méjèèjì kò bá ká a, ẹrù náà di ti gbogbo ìjọ. Ìjọ kò lè wí pé ọ̀ràn ẹni méjì ni.

Ìlànà yìí bá òwe wa mu pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí á ṣọ̀rẹ́. Pọ́ọ̀lù náà bá àwọn ará Kọ́ríńtì wí nítorí pé wọ́n ń pe ara wọn lẹ́jọ́ níwájú àwọn aláìgbàgbọ́. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òwe náà bo ìwà ọ̀daràn mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó pa ènìyàn, tàbí tí ó ba ọmọdé jẹ́, òfin ìlú ní ipa tirẹ̀ nínú ọ̀ràn rẹ̀, ìjọ kò sì gbọdọ̀ lo orúkọ ìdáríjì láti fi í pamọ́.

3. Lẹ́tà tí a kọ gbèsè sí

Lẹ́tà sí Fílémónì ni ó kúrú jù lọ nínú àwọn lẹ́tà Pọ́ọ̀lù. Ẹsẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ni, inú ìdè ni ó sì ti kọ ọ́. Ònésímù, ẹrú Fílémónì, ti kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó ti bá Pọ́ọ̀lù pàdé, ó sì ti di onígbàgbọ́. Wàyí o, Pọ́ọ̀lù ń rán an padà, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ọ̀gá náà gbà á bí arákùnrin, kì í ṣe bí ẹrú mọ́.

Kò sọ fún Fílémónì pé kí ó gbàgbé gbèsè. Ohun tí ó sọ ni pé, bí ọkùnrin náà bá jẹ ẹ́ ní ohunkóhun, kí ó kà á sí òun Pọ́ọ̀lù lọ́rùn. Ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun yóò san án. Onílàjà nìyí tí ó gbà láti forí gbọgbẹ́. Ẹ wò ó síwájú sí i: kì í ṣe Fílémónì nìkan ni a kọ lẹ́tà náà sí, a kọ ọ́ sí ìjọ tí ń pàdé ní ilé rẹ̀ pẹ̀lú, kí gbogbo wọn lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ní ìparí, Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n pèsè ibùwọ̀ sílẹ̀ fún òun, nítorí ó ń retí àti wá. Ẹni tí ó mọ̀ pé onílàjà ń bọ̀ wá wo bí nǹkan ti rí kò ní fi ojú kéré ọ̀ràn náà.

Fún àwa ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wa lẹ́rú, ìbéèrè kan kò ní ṣàì dìde: nínú ẹrú àti ọ̀gá, ta ni ó jẹ ẹnì kejì ní gbèsè ní tòótọ́? Lẹ́tà náà kò dáhùn ní tààrà. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀gá náà sí ipò tí kò ti lè pe ọmọ ìyá rẹ̀ nínú Kristi ní ohun ìní mọ́ kí ojú má tì í lójú ìjọ.

4. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Sàró

Ẹ jẹ́ kí á fi ẹ̀kọ́ yìí wo ìtàn orílẹ̀-èdè kan ní agbègbè wa. Ilẹ̀ Sàró, èyíinì ni Sierra Leone, kò ṣàjèjì sí àwọn olùkọ́. Freetown ni wọ́n sọ Àjàyí Crowther kalẹ̀ sí ní 1822 lẹ́yìn tí wọ́n gbà á nínú ọkọ̀ ẹrú. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ní oṣù March 1991 ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ náà, kò sì parí títí di January 2002. Ìṣirò tí a sábà ń lò ni pé ó lé ní 50,000 ènìyàn tí ó kú. Wọ́n gé ọwọ́ àwọn aláìṣẹ̀. Wọ́n sì fi ipá sọ àwọn ọmọdé di ọmọ ogun.

Ní ọjọ́ keje oṣù July 1999, a fọwọ́ sí àdéhùn ní Lomé, olú-ìlú Togo. Àwọn aṣáájú ìsìn, Kristẹni àti Mùsùlùmí, tí wọ́n ti para pọ̀ di ìgbìmọ̀ kan ní 1997, wà lára àwọn tí ó ṣe onílàjà. Àdéhùn náà fún àwọn tí ó jagun ní ìdáríjì lábẹ́ òfin. Ẹ rí i bí ó ti rí: ìjọba ti dárí jì kí ẹnikẹ́ni tó bi ẹni tí a gé lọ́wọ́ léèrè.

Àdéhùn kan náà ni ó ṣètò Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà. Bíṣọ́ọ̀bù Joseph Humper ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni alága rẹ̀. Ọmọ ìlú mẹ́rin àti àlejò mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀. Ní 2003 ni wọ́n jókòó gbọ́ ẹ̀rí ní gbangba, wọ́n sì gbé ìròyìn wọn jáde ní 2004. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni a dá ilé-ẹjọ́ pàtàkì kan sílẹ̀ fún àwọn tí ẹ̀bi wọn pọ̀ jù lọ. Òun ni ó rán Charles Taylor, ààrẹ Liberia àtijọ́, sí ẹ̀wọ̀n àádọ́ta ọdún ní 2012. Ìgbìmọ̀ náà ní kí a ṣe ìtọ́jú fún àwọn tí a gé lẹ́yà ara, àwọn opó àti àwọn ọmọ òrukàn. Ṣùgbọ́n ó tó ọdún mélòó kan kí owó tó dé, èyí tí ó sì kọ́kọ́ kan ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju nǹkan bí 100 dọ́là lọ.

Ní 2007 ni ètò mìíràn bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ará abúlé. Fambul Tok ni wọ́n pè é ní èdè Krio, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ẹbí. A óò dá iná ní alẹ́, gbogbo abúlé yóò yí i ká. Ẹni tí a ṣẹ̀ yóò sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ẹni tí ó ṣẹ̀ yóò jẹ́wọ́, yóò sì bẹ̀bẹ̀. Àwọn olùṣèwádìí kan ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ yìí ní 200 abúlé, ìdajì tí ètò náà dé àti ìdajì tí kò tí ì dé, wọ́n sì gbé àbọ̀ wọn jáde ní 2016. Ní ibi tí ètò náà dé, ìdáríjì pọ̀ sí i, àwọn ènìyàn túbọ̀ fọkàn tán àwọn tí ó jagun rí, wọ́n sì túbọ̀ ń pawọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ ìlú. Ṣùgbọ́n ní àwọn abúlé wọ̀nyí kan náà, ìbànújẹ́ àti àìbalẹ̀ ọkàn pọ̀ sí i, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tí ó tó ọdún méjì ààbọ̀. Ìlú jèrè, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ni ó san owó rẹ̀.

Kí ni kí á rí kọ́? Kì í ṣe pé kí á má sọ òtítọ́ mọ́. Ohun tí a rí kọ́ ni pé òtítọ́ a máa ṣí ọgbẹ́ tí ó ti ń jinná, àti pé ẹni tí ó pe ènìyàn wá sọkún ní alẹ́ kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ìlàjà ní iye owó. Bí ìjọ àti ìlú kò bá dá owó náà, ẹni tí a ti ṣẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò tún san án lẹ́ẹ̀kejì.

5. Iṣẹ́ olùkọ́

Láìpẹ́ ọjọ́ ni àwọn ọmọdé yóò máa mú ẹjọ́ wá sọ́dọ̀ yín. Ọmọ kan yóò ṣẹ́ pẹ́ńsùlù ẹnì kejì. Olùkọ́ tí ó ń kánjú yóò ní kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, yóò sì gbé pàṣán dání títí ọmọ tí ń sọkún yóò fi wí pé, “Mo ti fi jì í.” Ìdáríjì tí a fi pàṣán gbà kì í ṣe ìdáríjì. Ẹ gbọ́ ẹnu àwọn méjèèjì. Ẹ bá ẹlẹ́bi sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó wá pẹ́ńsùlù mìíràn. Sákéù kò sọ pé òun bẹ̀bẹ̀ nìkan, ó ṣèlérí láti dá ohun tí ó fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Bí ọmọ náà kò bá sì ní owó, ẹ̀yin ẹ bá a fi díẹ̀ kún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún bi ẹni tí a ṣẹ̀ léèrè bí ó ti rí.

Láàárín wa pẹ̀lú, àwa tí a ti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá, ẹ̀kọ́ náà wúlò. Ghana lé àwọn àjèjì jáde ní 1969, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì wà lára wọn. Nàìjíríà lé àwọn àjèjì jáde ní 1983, ọ̀pọ̀ ará Ghana sì wà lára wọn. Àwọn òbí àti òbí àgbà wa kan ṣì ń sọ ohun tí wọ́n pàdánù. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó fetí sílẹ̀ kí ó tó gbèjà orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìlàjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìdáríjì àti ìlàjà? Fi àpẹẹrẹ kan láti ìlú rẹ ti ìdáhùn rẹ lẹ́yìn.
2. Èéṣe tí a fi kọ lẹ́tà Fílémónì sí ìjọ pẹ̀lú?
3. Ta ni ó yẹ kí ó san owó ìlàjà ní ilẹ̀ Sàró: ìjọba, àwọn tí ó jagun, tàbí gbogbo ìlú? Sọ ìdí rẹ.
4. Báwo ni wọ́n ṣe ń parí ìjà láàárín àwọn ènìyàn rẹ, kí sì ni onílàjà máa ń fi sílẹ̀ níbẹ̀?