Ìkòyí, Ibùgbé Àwọn Òyìnbó Nìkan

Bí ènìyàn bá ti Okokomaiko wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, tí ó sì dé Ìkòyí, yóò rí i pé òpópó ibẹ̀ gbòòrò, igi sì ń ṣíji bo àwọn ilé ńláńlá. Ìgbà kan wà tí òfin kò gba ọmọ adúláwọ̀ láyè láti fi àdúgbò yìí ṣe ibùgbé.

Àìsàn ibà ni wọ́n fi ṣe àwíjàre. Ní ọdún 1897, ní ilẹ̀ Íńdíà, Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣègùn òyìnbó kan fi sọ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé adúláwọ̀ kún fún kòkòrò náà, àti pé ó yẹ kí òyìnbó máa sùn jìnnà sí wọn. William MacGregor, ẹni tí ó ṣe gómìnà Èkó láti 1899 títí di 1904, kò fara mọ́ ìmọ̀ràn yìí, bẹ́ẹ̀ oníṣègùn ni òun náà. Ó gbà pé kí a fa omi àbàtà gbẹ, kí a sì pín oògùn kuníìnì fún tọmọdé tàgbà, fún funfun àti dúdú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Frederick Lugard di olórí Nàìjíríà ní 1914, ìmọ̀ràn ìyàsọ́tọ̀ ni ó borí. Òfin ọdún 1917 pàṣẹ pé kí ibùgbé òyìnbó dá wà, kí ilẹ̀ òfìfo tí ó fẹ̀ tó yáàdì 440 sì là á láàárín sí ti àwọn ọmọ ilẹ̀. Báyìí ni Ìkòyí ṣe di ti òyìnbó. Ipa-omi tí a fi orúkọ MacGregor pè, ẹni tí kò fẹ́ ìyàsọ́tọ̀, ni ó wá di ààlà láàárín Ìkòyí àti Erékùṣù Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Àwọn ìránṣẹ́ adúláwọ̀ tí ń se oúnjẹ, tí ń fọ aṣọ, ẹ̀yìn ilé ọ̀gá wọn gan-an ni wọ́n ń sùn sí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀fọn ni a ń sá fún nítòótọ́, ta ni ó sọ fún ẹ̀fọn pé kí ó má jẹ ìránṣẹ́ kí ó tó jẹ ọ̀gá? Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ; àwíjàre ìlera pẹ́ títí, ó di àṣà ìgbéraga.

Ní ọdún 1947, Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí baba rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀, dé sí Èkó. Wọ́n kọ̀ láti fún un ní yàrá ní Bristol Hotel nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Àwọn ará ìlú fárígá, ìwé ìròyìn kò sì dákẹ́. Ní ọdún kan náà, Gómìnà Arthur Richards pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ dópin, ibùgbé òyìnbó sì di ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba.

Lónìí, dúdú àti funfun ni ń gbé Ìkòyí, ṣùgbọ́n owó ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí ni pé ìlera ìlú kì í ti inú ìyàsọ́tọ̀ wá. Àbàtà tí a kò gbẹ ní ilé aládùúgbò ni ẹ̀fọn ti ń fò wọ ilé ẹni.